Ìpinnu Kẹtàdínláàádọ́ta ti Ààrẹ Cayabyab

Ẹni tí gíríìn káàdì rẹ̀ bá wà lápò, kó fọwọ́ kàn án wò ná kí n tó máa bọ́rọ̀ lọ. Ó wà níbẹ̀? Ó dáa. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì ìjọba, kó fìdí mọ́lẹ̀ dáadáa, kó wá gbọ́ bí Ààrẹ Telesforo Cayabyab ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde kúrò ní Amẹ́ríkà, tòun ti ẹ̀gbà òdòdó lọ́rùn.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bá àwọn ọmọ Philippines gbé ní Daly City, níbi tí ìkùukùu ti ń bo òrùlé mọ́lẹ̀ títí di agogo mọ́kànlá àárọ̀, mo sì ti jẹ pancit wọn débi pé núdù míì kì í wù mí mọ́. Àwọn ọmọ San Eulogio, ìlú kékeré kan ní agbègbè Pangasinan, ní ẹgbẹ́ tiwọn níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Yàrá abẹ́ ilé ìjọsìn ni wọ́n ti ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù, Cayabyab sì ni ààrẹ wọn.

Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, akọ̀wé ẹgbẹ́, Wilfredo Manaois, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi páálí ẹrù ránṣẹ́ sílé, á fò dìde, á já gbohùngbohùn gbà.

“Ẹ dìde o! Ẹ dìde fún Ọlọ́lá Jùlọ, Ẹnjiníà Telesforo Cayabyab, ààrẹ wa, àtùpà wa, òrùlé orí wa, baba gbogbo ẹni tó jìnnà sílé!”

Ẹnjiníà wo? Ọdún méjì péré ló lò nílé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kó tó sá jáde. Ó ní ìṣirò ibẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́? Wọn á dìde, wọn á pàtẹ́wọ́, òun náà á sì na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú bí ẹni pé ó wúwo. Láàárín àwọn ènìyàn yìí, ọmọdé ló máa ń mú ọwọ́ àgbà kan iwájú orí, bí àwa náà ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni Cayabyab, síbẹ̀ ó ń na ọwọ́ yìí sí àwọn ẹni àádọ́rin ọdún. Nígbà tí bàbá arúgbó kan wo ọwọ́ náà tí kò mú un, ààrẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, “Bàbá, ipò ni mo nà sí yín, kì í ṣe ọwọ́.” Bàbá tẹ orí ba, ó sì mú ipò náà kan iwájú.

Ẹ wá gbọ́ ipò fúnra rẹ̀. Cayabyab bá físà àlejò wọlé, oṣù mẹ́fà, láti wá síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀. Oṣù mẹ́fà di ọdún mẹ́ta. Nígbà náà ló pàdé Perla, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù méjì, tó sì ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tipẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Perla nígbà tó kọ́kọ́ wọ aṣọ ìyàwó. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí o, ẹ má bi mí léèrè ìdí. Òun ló sanwó lọ́yà, òun ló kọ ìwé sí ìjọba pé kí wọ́n fún ọkọ òun ní káàdì ìgbélùú. Ìjọba dá a padà pẹ̀lú risíìtì kan tó ní àwòrán ẹyẹ idì lórí, tó kàn sọ pé ọwọ́ àwọn ti tẹ ìwé wọn, kí wọ́n máa dúró. Cayabyab gbé risíìtì yìí lọ bo ní rọ́bà, ó fi í sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí yàrá ìjẹun láàárín àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn àti ṣíbí onígi ńlá. Bí àlejò bá dé, á nawọ́ sí ẹyẹ náà, á ní, “Washington mọ̀ mí.”

Lóṣù kejì ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyá Sabel Resuello kú ní San Eulogio. Sabel yìí, Ẹ̀gbọ́n Sabel ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, òun náà ló sì ń se oúnjẹ ẹgbẹ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kọ̀wé fún un bí Perla ṣe kọ fún ọkọ rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì wà níbi tí ti Cayabyab wà. Ó dìde nípàdé, ó fi aṣọ ìnuwọ́ kékeré kan di ẹnu mú.

“Ààrẹ, ìyá mi ti lọ. Àwọn àbúrò mi gbé òkú sílẹ̀ dè mí. Ìwé mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Mo ní kí ẹ bá mi ṣàdúrà ni, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn.”

Ẹni tó bá lójú àánú, á kọ́kọ́ dì mọ́ obìnrin náà. Cayabyab gba gbohùngbohùn.

“Ìyá Sabel kú. A gbọ́. Ikú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin! Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni òfin? Òfin ni ògiri! Ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì, tó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà láìgba ìwé àyè ìrìnàjò, ìwé rẹ̀ kú! Ó kú fin-ín fin-ín! Bó bá padà dé ẹnubodè, wọn á wò ó lójú, wọn á ní, ‘Ta ni ọ́?’ Sabel, ṣé o fẹ́ kí wọ́n bi ọ́ pé ta ni ọ́?”

“Rárá, Ààrẹ.”

“Nítorí náà, dúró! Kọ̀wé béèrè àyè, kí o sì dúró!”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ẹ fi sọ́kàn pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ogójì ìṣẹ́jú gbáko, lọ́jọ́ tí obìnrin náà ń ṣọ̀fọ̀. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé kó tó jókòó, ó ti sọ ọ́ di òfin ẹgbẹ́. Ìpinnu Kọkànlélọ́gbọ̀n nìyẹn: ọmọ ẹgbẹ́ tí ìwé rẹ̀ kò tíì jáde, tó bá kúrò ní Amẹ́ríkà láìgba ìwé àyè, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà wà nípòkípò, ó ti kọ ẹ̀yìn sí ẹgbẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ nípò, kí wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ lára ògiri. Manaois kò fẹ́ kọ “ì báà wà nípòkípò” sí i. Cayabyab ló ní kó kọ ọ́, ó ní ó dùn létí.

Lẹ́yìn náà ló yí sí Ẹ̀gbọ́n Sabel. “Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló pé ọdún mẹ́rin tí mo gorí àga. Pancit ńkọ́?”

Ẹ̀gbọ́n Sabel kọ̀wé béèrè àyè, ó sì dúró. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n gbé òkú ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nínú ooru San Eulogio. Nígbà tí kò ṣeé ṣe mọ́, wọ́n sin ín lọ́jọ́ Ìsinmi láàárọ̀, tí í ṣe ọ̀sán Sátidé tiwa ní Daly City. Ẹ̀gbọ́n Sabel gbé fóònù ti ìkòkò pancit ààrẹ, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀, ó sì ń ro núdù. Nínú yàrá ìpàdé, Manaois ń kígbe pé ẹ dìde o. Ìwé àyè ìrìnàjò náà dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún tí wọ́n ti sìnkú. Ó ká a, ó fi sínú dúrọ́ọ̀. Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lóṣù kẹrin ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ olórí ìlú San Eulogio. Wọ́n ti yan Ẹnjiníà Cayabyab ní Hermano Mayor, olórí ọdún ẹni mímọ́ ìlú, tí yóò máa rìn níwájú ère nígbà tí wọ́n bá gbé e yí ìlú ká, tí yóò sì ra ẹlẹ́dẹ̀ méje. Cayabyab ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó kà á síta nínú ilé ìwẹ̀, ó kà á fún ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà.

Perla ló kọ́kọ́ pa iná ìdùnnú yẹn. “Teling,” orúkọ tó ń pè é nílé nìyẹn, “ìwé àyè tí a béèrè fún ọ kò tíì jáde. Lọ́yà ní ó lè di oṣù keje.”

“Oṣù karùn-ún ni ọdún ìlú. Ṣé kí n ní kí ẹni mímọ́ máa dúró dè mí ni?”

“Sọ pé kí wọ́n fi ọ́ sí ti àmọ́dún.”

“Kó tó di àmọ́dún, wọn á ti rí ẹlòmíì. Perla, o ò mọ bí oyè ṣe ń ṣe.”

Perla wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ Lọ́yà Abrenica, obìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́.

“Ọ̀gbẹ́ni Cayabyab, ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe ìwé yín nìkan ló máa kú. Ọdún mẹ́ta lẹ fi gbé níbí láìní àṣẹ kí a tó kọ̀wé. Ẹsẹ̀ yín bá jáde láìsí ìwé àyè, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi tì yín síta. Mẹ́wàá.”

“Àwọn ènìyàn lásán lẹ ń sọ.”

“Kò sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ipò nínú fọ́ọ̀mù yìí, sà.”

“Àbí ẹ ò rí i? Ìyẹn ni wọn ò fi mọ̀ mí!”

Perla dì í lápá mú. “Kí lo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Sabel lóṣù kejì?”

Cayabyab wò ó bí ẹni pé ó fi ìgbálẹ̀ nà án. “Perla! Ṣé èmi wá ni Sabel?”

Ẹni tó máa jìn sí kòtò kì í ṣàìrí ẹni tó máa tì í lẹ́yìn díẹ̀. Manaois ti wà nílé dè é. Akọ̀wé yìí ní òǹtẹ̀ onírin kan tó máa ń tẹ ojú ìwé ní kókó-kókó, ó sì ní rìbọ́nì wúrà. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kódà risíìtì páálí ẹrù kì í jáde láìsí rìbọ́nì.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká ronú bí ọlọ́gbọ́n. Ta ló ń rìnrìn àjò? Ẹni tó bá kúrò níbì kan lọ síbòmíì. Ẹ̀yin ńkọ́? Ibi tí ààrẹ bá dúró sí, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ wà. Níbo ni ẹgbẹ́ wà? Daly City. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró ní San Eulogio, Daly City lẹ ṣì wà!”

Omi lé sí Cayabyab lójú. “Manaois, kí ló dé tí ìwọ ò ṣe lọ́yà?”

“Ìrẹ̀lẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

Báyìí ni Ìpinnu Kẹtàdínláàádọ́ta ṣe dé iwájú ìpàdé. Manaois kà á ní ìdúró, ojú ewé mẹ́ta. Ó ní níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ààrẹ kì í ṣe ènìyàn lásán. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ẹni mímọ́ fúnra rẹ̀ ló ń pè é. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ilẹ̀ tó bá tẹ̀ ti di ilẹ̀ ẹgbẹ́. Nítorí náà, ẹgbẹ́ pinnu pé Ọlọ́lá Jùlọ kò kúrò ní Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹgbẹ́ sì pàṣẹ fún gbogbo aṣọ́bodè àgbáyé láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sabel jáde láti ibi ìdáná, ó ń nu ọwọ́ sí épírọ̀nù.

“Ààrẹ, ìbéèrè kan. Ìpinnu Kọkànlélọ́gbọ̀n ńkọ́?”

Manaois fò sí i. “Ẹni tó bá rìnrìn àjò ni ìyẹn ń bá wí. Ààrẹ ò rìnrìn àjò.”

“Kí wá ni wọ́n ń lọ ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú?”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Cayabyab gbé ọwọ́ sókè títí ẹ̀rín fi tán. “Sabel,” ó pe ẹni tó fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, “ọ̀rọ̀ yìí ga ju ìkòkò lọ. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.”

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló lọ sókè. Àwọn tó kù, lumpia, ìpápánu dídín wọn, ló wà lọ́wọ́ wọn. Perla nìkan ló dìde tó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀.

Àsè ìdágbére mẹ́ta ni wọ́n ṣe fún un. Ó ní ọ̀kan kò tó ẹni tí kò lọ síbì kankan. Lọ́jọ́ ìrìnàjò, ó wọ barong, ẹ̀wù àlejò funfun tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí láyà, ó fi ẹ̀gbà òdòdó sọ́rùn, ó fi Ìpinnu sínú àpò aláwọ, ó sì yọ risíìtì ẹlẹ́yẹ lára ògiri, ó gbé e há abíyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan fún yín nípa Amẹ́ríkà: wọn kì í dá ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà àtijáde. Kò sí aṣọ́bodè tó máa bi ọ́ pé ibo lò ń lọ, kò sí ẹni tó máa tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ. Ó dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta wẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní ọwọ́ ìdìmú lápá òde. Cayabyab kọjá láìsí ẹni tó béèrè nǹkan kan, ó sì yíjú padà sí ìyàwó rẹ̀, ó kígbe láti òkèèrè.

“Ṣé o rí i? Wọ́n ń bọ̀wọ̀!”

Perla juwọ́ sí i. 

Ní San Eulogio, wọ́n ti na tapólì mọ́kàndínlógún sójú títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ògiri ilé, àwòrán ojú Cayabyab sì gba ìdajì rẹ̀. Ẹni mímọ́ wà ní igun ìsàlẹ̀, ó kéré bíi sítáǹpù. Cayabyab fúnra rẹ̀ ló fi owó Perla tẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé ère jáde, ó dúró lẹ́ẹ̀méje láti juwọ́ sí àwòrán ara rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá dúró, àwọn tó ru ère á sọ ẹni mímọ́ kalẹ̀, wọn á mu sìgá.

Ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ gba wákàtí méjì ó lé. “Ẹ̀yin ará mi! Nígbà tí mo gbéra ní California, ilẹ̀ ibẹ̀ mì!” Òótọ́ ni, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í yéé mì. “Ìjọba Amẹ́ríkà wò mí, wọ́n ní, ‘Ẹ máa lọ, Ẹnjiníà, ẹ̀yin ò nílò ìwé!’” Lórí tábìlì, ẹlẹ́dẹ̀ odindi méje tí wọ́n sun, tí awọ wọn yẹ kó máa ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu, ń tutù lọ, awọ wọn sì ń rọ̀ bí aṣọ tó bomi. Fún ará Pangasinan, ìyẹn ju èébú lọ. Ìyá arúgbó kan tó di rósárì mú gbàdúrà pé, “Ẹni mímọ́, ẹ jẹ́ kó padà lọ síbi tó ti wá.” Àdúrà tí kò gbà nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kejì oṣù kẹfà, ó dé pápákọ̀ òfuurufú Manila láti padà. Ọmọbìnrin kan tí irun rẹ̀ wà ní dídì mọ́lẹ̀ dáadáa ló wà nídìí káńtà.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Káàdì ìgbélùú yín, sà, tàbí físà, sà?”

Cayabyab gbé férémù lé káńtà. Ẹyẹ idì wo ọmọbìnrin náà.

“Ó dára gan-an, sà. Ṣùgbọ́n risíìtì ni, sà. Ó ní kí ẹ máa dúró, sà.”

“Mo ti dúró.”

“Amẹ́ríkà ni wọ́n ní kí ẹ ti dúró, sà.”

Ó fa Ìpinnu Kẹtàdínláàádọ́ta yọ, ó sì kà á, ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti òkè délẹ̀. Àwọn èrò tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọmọbìnrin náà gbọ́ ọ dópin, ó ṣe sùúrù bí ẹni tó ń fún ọmọ ọwọ́ lóògùn.

“Rìbọ́nì yín rẹwà, sà. Ẹ má bínú, sà, ẹ ò lè wọkọ̀ yìí, sà.”

“Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?”

Ọmọbìnrin náà wo ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ìwé. “Ta ni yín, sà?” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá; ó fẹ́ mọ̀ ni.

 Ìbéèrè tí Cayabyab fi dẹ́rù ba Ẹ̀gbọ́n Sabel ti dé bá òun fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ tíì dé ẹnubodè. Ó gbé férémù rẹ̀, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe Perla.

“Perla, wọn ò jẹ́ kí n wọkọ̀. Ní kí Abrenica bá wọn sọ̀rọ̀.”

 Perla ní, “Mo gba ààyè ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ kí n lè wá pàdé rẹ. Mo ti ra ẹja bangus. Ó ti wà nínú ata.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún obìnrin tó dúró títí di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kó tó lọ́kọ. Lọ́yà ti sọ ohun tó máa sọ, kò sì yí i padà. Ìwé náà ti kú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbéra. Ìyókù, ìwé ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ sì máa ń pẹ́.

Nígbà tí ìròyìn dé ìpàdé, gbogbo ojú yí sí Manaois, ẹni tó ṣe òfin, tó tẹ òǹtẹ̀. Ẹ ò mọ Manaois. Ó ti wọ barong tuntun wá. Ó dìde, ó gba gbohùngbohùn, ó sì ka Ìpinnu Kọkànlélọ́gbọ̀n jáde pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó dé “ì báà wà nípòkípò,” ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “ó dùn mí. Ṣùgbọ́n òfin ni ògiri.”

Ẹ̀gbọ́n Sabel gbé orí jáde láti ibi ìdáná. “Akọ̀wé, nígbà tí ẹ ń so rìbọ́nì mọ́ Ìpinnu Kẹtàdínláàádọ́ta, ògiri yẹn rìnrìn àjò ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, lẹ́yìn náà wọ́n yan Manaois ní ààrẹ, nítorí òun nìkan ló ní gbohùngbohùn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú. Bí ènìyàn ṣe rí nìyẹn, èmi náà ò lè ṣàlàyé rẹ̀.

Ní San Eulogio, Cayabyab kọ́kọ́ kéde pé òun fi kún àkókò iṣẹ́ ìlú òun. Lóṣù àkọ́kọ́ tó lò níbẹ̀, wọ́n ń pè é síbi àsè. Oṣù kẹta, wọ́n ń pè é bí oúnjẹ bá ṣẹ́kù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ó ti wà nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọkọ àbúrò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi í láàárọ̀ pé, “Ẹnjiníà, ṣé ẹ lè bá wa ṣọ́ adìyẹ?”

Lóṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e, káàdì Ẹ̀gbọ́n Sabel jáde. Kò gbé e kọ́ ògiri. Ó fi sínú pọ́ọ̀sì, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, Perla sì di páálí kékeré kan fún un pé kó bá òun gbé e dé ọ̀dọ̀ Teling. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé e wọ ìlú. Àsìkò ìkórè ni, gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n sá ìrẹsì sí kó lè gbẹ. Níwájú ilé kan, ojú Cayabyab wà nílẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn tapólì yẹn, ó fẹ̀ rẹrẹ, ìrẹsì bò ó títí dé ipéǹpéjú, adìyẹ kan sì ń ṣa nǹkan jẹ ní ihò imú rẹ̀. Cayabyab tòótọ́ dúró tì í pẹ̀lú fìlà koríko àti ọ̀pá ìfàrẹsì, ó ń kígbe pé, “Ṣiọ́! Ṣiọ́!”

Ó rí Ẹ̀gbọ́n Sabel. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ́kọ́ gbéra síwájú bó ṣe máa ń ṣe. Ó dé ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó fi ọ̀pá lélẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba, ó mú ọwọ́ obìnrin náà tó ti fi iṣẹ́ le, ó fi kan iwájú orí rẹ̀.

“Ẹ kú àbọ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

“Kí Ọlọ́run bù kún ọ, Teling.” Bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Ó gbé páálí fún un. “Ìyàwó rẹ ní kí n fún ọ. Kọfí ni, àti sálúbàtà. Ó ní ibi tí férémù yẹn wà lára ògiri, òun ti fi kàlẹ́ńdà síbẹ̀, òun sì ń fa ìlà sí i lójoojúmọ́.”

Cayabyab gbá páálí náà mọ́ àyà. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú ara rẹ̀ lábẹ́ ìrẹsì.

“Ẹ̀gbọ́n, ìwé àyè tí ẹ dúró dè lọ́jọ́sí... ṣé ó pẹ́ púpọ̀?”

“Ó fi ọjọ́ mọ́kànlélógún pẹ́ ju ìsìnkú ìyá mi lọ.”

 Cayabyab béèrè ibi tí ẹ̀gbọ́n ń lọ báyìí, obìnrin náà ní itẹ́ òkú ni. Ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba òdòdó, ó pe ọmọ àbúrò rẹ̀ pé kó wá ṣọ́ adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n Sabel rìn níwájú, òun tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọ́n kọjá níwájú ilé ìjọsìn, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sì kí Ẹ̀gbọ́n Sabel nìkan.

Lẹ́bàá ibojì, Ẹ̀gbọ́n Sabel kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ pa eruku lára orúkọ ìyá rẹ̀ títí òkúta fi mọ́, ó to òdòdó, ó sì sun ẹkún tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù kejì èṣí. Cayabyab dúró lẹ́yìn, ó di àpò mú. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ó wú ikọ́, ó gbé àyà síwájú, ó la ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n Sabel yíjú padà, ó wò ó.

Ó pa ẹnu dé.